Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìrántí Àwọn Ohùn Òwúrọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ rédíò, ó jẹ mọ́ ikú, ó sì jẹ mọ́ ọ̀rẹ́.

Nígbà tí àwọn ohun èlò ìgbàlódé kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa kò fi orúkọ tí òyìnbó pè wọ́n mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà sọ ọ́ lórúkọ. Tẹlifíṣọ̀n di amóhùnmáwòrán, nítorí pé ó ń mú ohùn wá, ó sì ń mú àwòrán wá pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn ènìyàn pamọ́ di agbohùnsílẹ̀. Rédíò ní tirẹ̀ di asọ̀rọ̀mágbèsì, èyí ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gba èsì. Mo fẹ́ kí ẹ fi orúkọ méjì tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, nítorí pé orí wọn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Lójú tèmi, àwa ọmọ Yorùbá fẹ́ràn asọ̀rọ̀mágbèsì púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò náání agbohùnsílẹ̀ tó bó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ohùn tó jí wa lójú oorun fún ọdún gbọọrọ fi kú, tí a kò sì rí nǹkan kan dì mú lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé ètò rédíò oníwáyà kalẹ̀ ní Èkó. Wọ́n na wáyà láti ilé dé ilé, wọ́n so àpótí kékeré mọ́ ọn, ohùn tí wọ́n bá sì gbà láti ọ̀dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù ni àpótí náà ń sọ jáde. Ní ọdún 1939, ètò náà dé Ìbàdàn. Rẹdifúṣọ̀n ni àwọn ènìyàn ń pè é. Owó oṣooṣù ni onílé ń san lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè yí lára àpótí náà ju kí ó fi kún ohùn rẹ̀ tàbí kí ó dín in kù. Ẹni tó bá rántí àpótí yẹn yóò mọ̀ pé orúkọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, kò ní àsọdùn kankan nínú. Ọ̀rọ̀ ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ẹni tó jókòó sí Ìsàlẹ̀ Èkó lè gbà dá a lóhùn.

Ní ọdún 1951 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà sílẹ̀, NBS, èyí tó di NBC ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1957. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. WNBS, tí í ṣe rédíò ìjọba náà, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kódà, ìlù ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìgbà náà fi ń kí wa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí dùndún bá ti dún lórí rédíò, olúkúlùkù ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i.

Ṣùgbọ́n wáyà rẹdifúṣọ̀n kò bá gbogbo ènìyàn. Rédíò oníbátìrì ni ó gbé asọ̀rọ̀mágbèsì dé àwọn ibi tí kò sí wáyà, tí kò sì sí iná mànàmáná. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Ìwòrò, ìlú tó wà létí ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá kúrò lójú pópó Èkó sí Àgbádárìgì ní Àrádàgùn, tó sì yà sí ìhà ọ̀sà, yóò kan Ìwòrò, yóò sì kan Ajídò. Ní agbègbè yìí, Yorùbá àti Ègùn, tí àwọn tó ni ín ń pè ní Ògù, jọ ń gbé pọ̀ ni. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni ó sì ń gbọ́ èdè méjèèjì láti kékeré. Ìgbì rédíò kò mọ ẹnu ibodè. Ẹni tó bá ń yí bọ́tìnnì rédíò ní etíkun yìí lè bá ohùn Kútọnu pàdé kí ó tó bá ohùn Ìkẹjà pàdé, nítorí pé rédíò ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ń sọ Yorùbá, ó sì ń sọ Ègùn.

Ní ọdún 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni Radio Lagos ti jáde, èyí tó fi Àgídíngbí ní Ìkẹjà ṣe ibùjókòó. Yorùbá ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Ègùn pẹ̀lú. Fún àwọn ará etí ọ̀sà wa, nǹkan ńlá gbáà ni èyí jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ìjọba mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Mo ti rí àgbàlagbà apẹja tó pa àwọ̀n tó ń tún ṣe tì, tó sì sún mọ́ rédíò nítorí pé ìròyìn ti bọ́ sí èdè ìyá rẹ̀.

Ní báyìí, kí ni ètò òwúrọ̀? Àwọn tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ẹnìkan ń ka ìròyìn, ó ń fi orin sí i, ó sì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò òwúrọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni méjì. Nínú àṣà wa, a kì í dá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bí onígbèrè bá ń gberin, àwọn elégbè wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí apàlọ́ bá ní “Àló o,” ọmọ gbọdọ̀ wí pé “Àlọ̀.” Bí ọmọdé bá pa òwe, àgbà a dá a lóhùn pé yóò tún pa òmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹni méjì bá jókòó sí iwájú gbohùngbohùn kan ní kùtùkùtù, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, tí èkejì sì ń gbè é, èsì ti wọ inú asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn. Olùgbọ́ tó wà nílé kò lè dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń bá a dáhùn. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni èkejì ń bi èkíní. Iyèméjì tó wà nínú rẹ̀ ni èkejì ń sọ jáde. Iṣẹ́ elégbè kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, olùgbọ́ pẹ̀lú rí ẹnu sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà ni àwọn ènìyàn ń kọ, wọn a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ wọn. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun gbé òfin jáde tó jẹ́ kí aládàáni lè dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, Raypower sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé. Láàárín ọdún díẹ̀, ìyá tó ń yan ẹja ní Ajídò lè tẹ nọ́ńbà, kí ó sì bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí tẹnu rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì. Orúkọ náà wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

N kò lè sọ ìtàn yìí kí n má dárúkọ àwọn tó ti lọ. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ wọ́n nínú fíìmù Ṣaworoidẹ, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ṣiṣẹ́. Àwọn, Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Láńrewájú Adépọ̀jù wà lára àwọn tó sọ rédíò di ilé ewì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò lè kàwé rárá mọ ewì lórí. Fálétí papò dà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Keje ọdún 2017. Adépọ̀jù tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 2023. Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè.

Ẹnì kejì ni Gbénga Adébóyè, ọmọ Òde-Òmù, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fúnwọntán. Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959 ni wọ́n bí i, èyí já sí pé oṣù kan péré ni ó fi ju WNTV lọ. Ohun tó mú kí ó yàtọ̀ ni pé òun nìkan ni olóòtú, òun náà sì ni elégbè. Yóò sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀, yóò yí ohùn padà, yóò di Láísì Abéṣùpinlẹ̀, yóò tún yí i padà, yóò di ẹlòmíràn, àwọn tó ń gbọ́ ọ yóò sì máa bínú sí Láísì bí ẹni pé Láísì ní ilé tí wọ́n lè lọ bá a. Ó pe ara rẹ̀ ní Alàájì Pásítọ̀ Olúwo, ó fi mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe sínú orúkọ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó bá a jà nínú wọn, nítorí pé ẹ̀rín ni ó fi ń kọ́ni. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó kú ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Kì í ṣe ènìyàn kan ni ó kú lọ́jọ́ náà. Gbogbo àwọn tó ń gbé inú ẹnu rẹ̀ ni wọ́n bá a lọ.

Ẹnì kẹta ni Kọ́lá Ọláwuyì, ẹni tó ṣe ètò Nǹkan Ń Bẹ. Bí Fúnwọntán ṣe ń fi ẹ̀rín kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Ọláwuyì ń fi ìwádìí já aṣọ lójú eégún. Ó ń lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù láti lọ, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ọdún 2007 ni òun náà jáde láyé.

Mo ti dárúkọ àwọn ẹni ńlá. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Èmi pẹ̀lú ṣe iṣẹ́ yìí rí, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìwòrò, sì ni èkejì mi nínú ètò òwúrọ̀ fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ariwo. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Ègùn, ó sì gbọ́ ìwọ̀n Faransé tí ọmọ etí ibodè fi ń rajà. Èmi ni mo máa ń ka kókó inú ìwé ìròyìn, òun ni ó máa ń bi mí pé, “Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ta gàrí?” Ìbéèrè yẹn ni ètò wa. Bí mo bá ka bílíọ̀nù báyìí báyìí nínú ìsúná owó ìjọba, kò ní jẹ́ kí n kọjá àfi bí mo bá sọ iye ọ̀nà tí owó náà lè ṣe láti Àrádàgùn dé etí ọ̀sà.

Ohun tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù ni ìkíni. Yorùbá kì í fi ẹnu kan náà kí gbogbo oníṣẹ́. Kí aago mẹ́fà tó lù, yóò ti kí àgbẹ̀ pé àroko bọ́dún dé, yóò kí aláró pé àrẹ̀dú, yóò kí ọdẹ tó ń ti ìgbẹ́ bọ̀ pé àrìnpa, yóò kí onídìrí pé ojú gbooro, yóò kí àwọn tó wà lórí omi pé wọ́n kú odò. Lẹ́yìn náà ni yóò tún un kí ní Ègùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Èkó ni ó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìkíni ọdẹ yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀. Mo máa ń rò ó pé, bí a bá kó gbogbo ìkíni tó kí wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn jọ, ìwé ńlá ni yóò jẹ́.

Lára iṣẹ́ òwúrọ̀ ni ìkéde òkú. Àwọn ẹbí a mú ìwé wá, wọn a sanwó, a ó sì kà á: orúkọ olóògbé, ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ àìsùn, ọjọ́ ìsìnkú. Òun ni ó máa ń kà wọ́n, nítorí pé ohùn rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í ṣi orúkọ Ègùn pè. Bí ó bá kà á tán, èmi a ní, “Kí Elédùmarè tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.” Ní ọjọ́ tí wọ́n mú ìwé tirẹ̀ wá, èmi ni mo kà á. Mo kà á dé òpin, mo sì dákẹ́ ní ibi tí èsì máa ń wà. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ni ó tètè fi orin sí i. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òkú gan-an ni kì í gba èsì.

Bí ọdẹ bá kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí nìkan. Wọn a ṣe ìṣípà ọdẹ fún un, wọn a kó àwọn ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a sì sun ìrèmọ̀jé. Àwọn tó bá a ṣọdẹ ni wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n sọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n rí i nínú igbó. Ẹbí mọ̀ ọ́n nílé, ẹlẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbà pé irú ojúṣe yìí wà lọ́rùn àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ni ohun èlò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí a ó kó jọ? Kò ní ìbọn, kò ní àpò ọdẹ. Ohùn rẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀.

Ibí yìí ni ìṣòro wà. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ béèrè ohùn bàbá wọn, kí wọ́n lè gbé e sí etígbọ̀ọ́ àwọn ènìyàn níbi ìsìnkú, ilé-iṣẹ́ kò rí nǹkan kan fún wọn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ètò òwúrọ̀ kì í gba orí tépù kọjá, láti ẹnu ni ó ti ń bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Èyí tí a bá sì gbà sílẹ̀, tépù wọ́n, nítorí náà ni a ṣe máa ń gba ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ìwà yìí kì í sì ṣe ti Nàìjíríà nìkan. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n ṣì ń wá wọn kiri títí di òní. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kódà, tépù tí a kò pa rẹ́ kò ní ẹ̀mí gígùn bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Tépù jẹ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ lára, inú ìyẹ̀fun yẹn ni ohùn wà. Gọ́ọ̀mù náà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bí ó bá ti mu ún yó, a máa lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun a sì máa ṣí kúrò bí ẹ̀rọ bá ti ń yí i. Ẹ wo etí ọ̀sà bíi Ìwòrò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tó sì ní iyọ̀ nínú tọ̀sántòru. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí tépù lè pẹ́ sí.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a kọ sílẹ̀. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere tó gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú WNTV. Ìfọ́lé ọdún 1867 ba ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á lónìí ṣì lè rí nínú rẹ̀ kà. Ohùn pàápàá lè pẹ́ bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọrin Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. A ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ló dé tí ohùn ọdún 1922 wà, tí ohùn òwúrọ̀ ọdún 1962 kò sí? Èyí tí a tẹ̀ sí àwo láti tà wọ ilé púpọ̀, bí ọ̀kan bá sì fọ́, òmíràn wà. Èyí tí a sọ sórí afẹ́fẹ́ bá afẹ́fẹ́ lọ. Nípa báyìí ni a ṣe lè gbọ́ Fúnwọntán títí di òní, nítorí pé ó ṣe kásẹ́ẹ̀tì tó tà káàkiri. Ohun tó tà fún wa ni a ní. Èyí tó fi tọrẹ fún wa ní òròòwúrọ̀, èyí tó pọ̀ jù, díẹ̀ ni ó kù nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò ṣe kásẹ́ẹ̀tì tà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ìwòrò ránṣẹ́ pé òun ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ọ̀rẹ́ mi kí i lórí rédíò, ìyá náà sì ti fi rédíò onítépù tó wà nílé rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Ó wé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá, ó fi í sínú àpótí aṣọ láàárín àwọn àǹkárá rẹ̀. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Adìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ẹnìkan ń gbálẹ̀, ọmọ tuntun ń sunkún, ohùn ọ̀rẹ́ mi sì ń kí wọn, ó ń bi mí pé èló ni wọ́n ń ta ẹja báyìí. Mo gbọ́ ohùn èmi náà tí mo ń dá a lóhùn. Ìyá yìí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kí ó ṣe é. Òun nìkan ni ó ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo àwa tí ń gba owó oṣù lórí ohùn ti máa ṣe. Òun ni agbohùnsílẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wà ní ilé yín. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wà nínú páálí tó wà lókè àjà. Ìyá àgbà yín lè wà nínú wọn, ó sì lè jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ti kú. Ẹ má ṣe fi wọ́n sínú rédíò ògbólógbòó kan ṣàdédé, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò dára a máa jẹ tépù. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó mọ́, kí ẹ gbé ohùn inú rẹ̀ sí orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe é ní ẹ̀dà tó ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n má sì wà ní ibì kan náà. Kí ẹ tó gbàgbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, níbo, ní ọdún wo, èdè wo. Ohùn tí kò ní orúkọ dà bí ọmọ tí a rí he ní ọjà, a kò mọ ilé tí a ó mú un lọ. Bí ó bá sì ní Ègùn nínú, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn láti ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa ṣì wà láàyè.

Àwọn tó rò pé ayé íntánẹ́ẹ̀tì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un rò. Lóòótọ́, Yorùbá ti rí àyè sí i. BBC pàápàá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ohùn tí ènìyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp a máa bá fóònù tó bọ́ sómi lọ, ọ̀pọ̀ ètò òwúrọ̀ sì ṣì ń bá afẹ́fẹ́ lọ bí ti àná. Ẹ̀rọ ti yí padà, ìwà wa kò tíì yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ìrèmọ̀jé ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ dúró dìgbà tó bá kú kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí Elédùmarè tẹ́ Fálétí, Adépọ̀jù, Fúnwọntán àti Ọláwuyì sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó tẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìwòrò, sí i pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ìhín, bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì nílé, ẹ lọ wò ó lónìí. Ire o.